Àádọ́rùn-ún Ọjọ́ Tí A Fi Dúró De Òkùnkùn

Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹta

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ọ̀hún ti ń rọlẹ̀, àbí ó ṣì ń bá yín jà? Àwa wà níbí, à ń mí, à ń jẹun. Lẹ́tà tí o fi rán ọ̀rẹ́ rẹ dé ọwọ́ mi. Má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì. Ìyá rẹ ni akọ̀wé ilé yìí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí lẹ́tà bá dé, òun ni í kà á sí mi ní etí òsì tó ṣì ń gbọ́ díẹ̀, òun náà ni í kọ èsì. Tèmi ò ju pé kí n sọ pé, bá mi kí i, kí i dáadáa. Ní báyìí tí kò sí mọ́, èmi ni mò ń wá bíírò kiri. Oṣù méje ti fẹ́ pé, n kò sì tíì mọ ibi tó ń kó bíírò sí.

Má pè mí lórí fóònù nítorí èyí. Etí mi ti bá iṣẹ́ lọ. Tí o bá ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù, bí ẹni pé kòkòrò há sínú ike ni mo ń gbọ́. Kọ ọ́ sínú ìwé, kí n lè kà á, kí n sì tún un kà.

Iná ti dé. Àwọn òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti fa wáyà sí wọn. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó kọjá ni iná dé, kò sì tíì lọ. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Gbogbo àdúgbò ń yọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n yọ̀. Alágbàfọ̀ ń lọ aṣọ láìdáná èédú. Àwọn ọmọ ń kàwé. Ṣùgbọ́n ní òpópónà tiwa, níbi tí ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlélógún ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ẹ̀rín tí à ń rín dà bí ti ẹni tí bàtà ń fún lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí iná dé, tíṣà tó ń gbé lókè wa sáré wá dì mọ́ mi, ó ní kí n ṣe àmín. Mo ṣe àmín. Ogún ọdún ni mo ti ń bá gbogbo ènìyàn ṣe àmín sí àdúrà iná, tí mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kó má tètè gbọ́.

Kì í ṣe etí mi ló sọ fún mi pé iná ò lọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ni. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ilé wa a máa gbọ̀n, jẹnẹrétọ̀ ọ̀tún, ti òsì, ti ẹ̀yìnkùlé. Mo lè jókòó sórí àga kí n mọ̀ pé púlọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ télọ̀ iwájú ti dọ̀tí. Màá gbé sípánà, màá lọ bá a kó tó ránṣẹ́ pè mí. Ní báyìí, ilẹ̀ ti dákẹ́. N kò mọ̀ pé gbígbọ̀n yẹn ni kì í jẹ́ kí n mọ bí ilé yìí ṣe ṣófo tó. Ìyá rẹ kú, mo sin ín, mo sọkún. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ilẹ̀ dákẹ́ ni mo tó rí i pé ó ti lọ.

Má ronú púpọ̀ ṣá. O rántí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tí iná dé tó sì wà fún ọjọ́ méjìlélọ́gọ́ta. Àwọn ènìyàn wa ta irinṣẹ́ wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n gba iṣẹ́ mìíràn, àfi bí iná ṣe lọ ní ọjọ́ kẹtàlélọ́gọ́ta. Ojú rí tó. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ àwa tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ti ṣe òfin, èmi alága ni mo sì dábàá rẹ̀: tí iná bá dé, ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun mìíràn yàtọ̀ sí jẹnẹrétọ̀ títí àádọ́rùn-ún ọjọ́ yóò fi pé. Ẹni tó bá ṣẹ̀, a ó gba àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. A ò ní jẹ́ kí iná tàn wá jẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, a ń dúró. Inú mi dùn pé wọ́n gbọ́ràn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ aṣọ iṣẹ́ wá jókòó tì mí ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lọ́sàn-án. À ń retí òkùnkùn.

Tí o bá rí awò ojú tí àgbà fi ń kàwé, fi ránṣẹ́. Lẹ́tà rẹ, mo nà án jìnnà sí ojú títí ọwọ́ mi fi kúrú.

Èmi bàbá rẹ.


Ọgbọ̀njọ́, Oṣù Kẹta

Bàbá mi tòótọ́,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìdúró, ẹ kú àìrí màmá. Ẹ kú iṣẹ́ ìwé pàápàá. Mo mọ ọwọ́ yín láti òde àpòòwé, ẹ kọ nọ́ńbà ilé mi gàdàgbà bí ẹni tó ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀. Inú agolo tíì tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ni bíírò wà. Màmá ló kó wọn pamọ́ síbẹ̀, torí ó ní ẹ̀yin lẹ máa ń gbé wọn lọ yọ ìdọ̀tí inú kabúrétọ̀.

Awò ojú wà nínú àpò tí ẹ rí yìí. Ẹ má fi sínú àpò aṣọ iṣẹ́ tó ní sípánà.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ má dúró de àádọ́rùn-ún ọjọ́. Iná ìjọ́sí, òpó àtijọ́ ló gbé e wá. Ti ìsinsìnyí, òpó tuntun ni, wáyà tuntun ni. Ẹni tó ná owó báyẹn kò wá ṣeré. Níbi tí mo wà, wọn kì í dúró kí ọ̀rọ̀ dé bá wọn. Oṣù kìíní ni àwọn ọ̀gá pe gbogbo wa jọ sí yàrá ìjẹun ní ilé ìfọṣọ wa, wọ́n fún wa ní bisikíìtì, wọ́n ní ẹ̀rọ kan ń bọ̀ ní oṣù kẹfà tí yóò máa ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń darí rẹ̀, kó kọ orúkọ sílẹ̀ kí oṣù kẹta tó parí. Ẹ rí i bí àwọn ènìyàn ṣe ń múra sílẹ̀?

Ẹ mọ̀ pé aṣọ kíká ni iṣẹ́ mi. Ẹni méjì ló ń ká a. Ẹnìkejì mi ni obìnrin kan tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, Ìyá Gígùn là ń pè é torí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iná òkè. A ó di etí aṣọ mú, a ó nà án, a ó rìn pàdé ara wa, a ó yà, a ó tún pàdé. Ó tó ẹgbẹ̀rin aṣọ lóòjọ́. Ìyá Gígùn ti kọ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ẹ̀rọ tí kò ní ìka, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí etí aṣọ wà? Ṣùgbọ́n ẹ má ṣèyọnu nípa tèmi, ibi tí mo wà dára.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí: inú fáànù, inú fíríìjì, inú ẹ̀rọ tó ń fa omi, ṣebí wáyà náà ni wọ́n wé síbẹ̀? Ṣebí kò sí ẹni tó mọ wáyà wé bíi tiyín? Àwọn tó rí iná yìí yóò ra fáànù. Fáànù yóò jó. Ta ni yóò bá wọn tún un ṣe?

Tí kò bá sì wù yín, ẹ wá bá mi níbí. Yàrá mi kéré, àmọ́ ibùsùn rẹ̀ fẹ̀.

Ọmọ yín tó ń kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Mo rí bíírò. Mo rí awò ojú. O ṣeun, Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹni tí yóò ra tìrẹ fún ọ. Ìgbà tí mo wọ̀ ọ́, mo rí i pé èéfín ti sọ ògiri pálọ̀ di dúdú. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ mọ̀, kò kàn fẹ́ sọ fún mi ni.

Ìmọ̀ràn rẹ dára ní etí ẹni tó jìnnà. Ẹni tó wà lókè ni í rí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rìn ní ilẹ̀ ló mọ ibi tí ẹ̀gún wà. Ìwọ ò sí níbí nígbà tí àwọn tó ta irinṣẹ́ ń tọrọ sípánà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n tà á fún.

Mo ní ohun kan láti sọ, ó sì wúwo. Ẹ̀gbọ́n rẹ Ọlọ́wọ́wẹ́rẹ́ ṣẹ̀ sí òfin. O rántí bí ó ṣe di ọmọ iṣẹ́ mi. Mo ní mi ò kọ́ obìnrin ní jẹnẹrétọ̀, ìyá rẹ ní kí n wá oúnjẹ alẹ́ mi sí ibòmíràn. Mo kọ́ ọ. Kò sí ọkùnrin kan ní òpópónà yìí tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tirẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ilẹ̀kùn mẹ́rin sí tèmi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gbé fáànù márùn-ún kọ́ síta. Èmi àti akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ bá a. Mo bi í pé kí nìyí. Ó ní, “Ọ̀gá, fáànù ni.” Mo ní mo rí i pé fáànù ni. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Akọ̀wé ń ṣẹ́jú sí i pé kó gbé wọn wọlé, kó ní ti ilé òun ni, kí ọ̀rọ̀ parí. Kò gbà.

Mo gba àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e fún mi, ọwọ́ méjèèjì, kò sì sọ ọ̀rọ̀ àfojúdi kan. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ìbéèrè kan ló bi mí, ó wá sí etí òsì mi kó tó bi í, kó lè dá a lójú pé mo gbọ́: tí iná bá ṣì wà ní ọjọ́ kọkànléláàádọ́rùn-ún ńkọ́? Mo gbé àpótí, mo forí lé ilé.

Òní ni ọjọ́ àádọ́rin. Àpótí náà wà lábẹ́ ibùsùn mi. Alága tó bá ṣe òfin tí kò lè mú un ṣẹ, ẹni ẹ̀sín ni. Má rò pé inú mi dùn.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo kà á títí mo fi kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi padà.

Bàbá, ta ló wẹ màmá? Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni màmá fi dùbúlẹ̀, tí mi ò lè wálé torí ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀ ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́wọ́wẹ́rẹ́ ló ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì màmá. Ó máa ń pè mí lẹ́yìn tó bá ṣe é tán, ó máa ń gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu màmá kí n lè gbọ́ bó ṣe ń mí. Òun lẹ gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń jẹun látinú àpótí yẹn. Ẹ sọ pé òfin ni. Kì í ṣe òfin, bàbá. Ẹ̀rù ló ń bà yín. Tí ẹ bá gbà pé iṣẹ́ náà ti lọ, ẹ ó gbà pé gbogbo nǹkan ti lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ fi di ilẹ̀kùn mú.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Tí ẹ bá fẹ́ bá mi wí, ẹ bá mi wí, ṣùgbọ́n ẹ dá àpótí rẹ̀ padà kí ẹ tó kọ lẹ́tà ìbáwí.

Ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín ju bí ìwé yìí ṣe sọ lọ.


Ogúnjọ́, Oṣù Keje

Bàbá mi,

Ẹ kú àtijọ́. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí mi ò gbúròó yín. Mo ránṣẹ́ sí tíṣà òkè, ó ní ara yín le, ẹ ń jẹun, ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, iná ò sì lọ. Ó ní tí òun bá dárúkọ mi, ẹ máa ń mi orí, ẹ ó sì wo ìta. Mo mọ ìmirí yẹn.

Mi ò kọ̀wé láti tún bá yín jà. Ohun kan wà tí mo fi pamọ́ fún yín, kò sì yẹ kí n máa gbé e kiri mọ́.

Mi ò kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Ọjọ́ tí mo ń kọ lẹ́tà oṣù kẹta sí yín, tí mò ń sọ bí àwọn ènìyàn ibí ṣe ń múra sílẹ̀, ọ̀la rẹ̀ ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ yóò tì. Mo ní ẹ̀rọ náà yóò bàjẹ́ láàárín oṣù kan, wọn yóò sì wá bẹ̀ wá. Ìyá Gígùn bẹ̀ mí títí. Ó ní, “Kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbéyàwó kọ́ ni, tí kò bá wù ọ́ o lè jáde.” Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ dé ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà. Kò nílò ìka. Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí aṣọ, aṣọ á tẹ́, á rí etí rẹ̀, á ká a kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì mi. Wọ́n kó mi lọ sí ẹnu ọ̀nà ibi tí aṣọ ìdọ̀tí ń gbà wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀ dípò márùn-ún. Mò ń wọ ìbọ̀wọ́ dé ìgúnpá, mò ń ya èyí tó ní ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo kọ ọ́ sí yín pé ẹ̀rù ló ń bà yín, ara mi ni mò ń bá wí. Ẹ ò rí i pé ẹni bíni là á jọ.

Kì í sì í ṣe ẹ̀rọ ló ń bà mí lẹ́rù. Lẹ́yìn ikú màmá, mo ń jí nínú yàrá tí kò sí ẹni kankan, mo ń padà síbẹ̀. Láàárín méjèèjì, Ìyá Gígùn ń di etí aṣọ mú, ó ń rìn bọ̀ wá bá mi. Ìgbà ẹgbẹ̀rin lóòjọ́ ni ẹnì kan ń rìn bọ̀ wá bá mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ orúkọ sílẹ̀ pé kí ìyẹn parí.

Wọ́n tún fẹ́ gba orúkọ ní oṣù kẹsàn-án. Ojú ń tì mí láti lọ, torí gbogbo wọn ló gbọ́ yẹ̀yẹ́ tí mo ṣe.

Ẹ fèsì, bàbá. Ẹ kàn kọ “mo rí i”, ó tó.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi, ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí i.

Lẹ́tà rẹ ti oṣù karùn-ún dé, mo kọ èsì mẹ́ta, mo ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkọ́kọ́ bú ọ. Èkejì parọ́. Ẹ̀kẹta, mi ò mọ ohun tó ń sọ. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ pé, iná ò lọ, mo fi ọgbọ̀n ọjọ́ kún un. Ó pé, mo tún fi ọgbọ̀n kún un. Mo tún fi kún un lẹ́ẹ̀kẹta, ẹgbẹ́ ò sì tako mi, wọ́n ṣáà ń sọ pé, ó dáa, alága. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Lẹ́tà tuntun rẹ dé ní ọjọ́rú. Mo kà á, mo tún un kà, mo sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Tí ọmọ mi bá lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣìnà, kí ló fún àgbà ní ẹnu tí kò lè sọ ọ́? Mo fa àpótí jáde, mo gbé e lọ sí ilé Ọlọ́wọ́wẹ́rẹ́. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ onígbàjámọ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó pè é. Ó wá, ó wo àpótí, kò gbà á. Ó ní iwájú ènìyàn ni mo ti gbà á, kí n gbé e padà síbẹ̀. Mo yí padà. Ó wúwo, ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń gbé e bọ̀.

Ní ọjọ́ àbámẹ́ta, ẹgbẹ́ pé. Mo gbé àpótí sórí tábìlì. Mo dìde, mo ní, “Mo ṣìnà. Iná ìjọ́sí ni mo ṣe òfin fún, mo wá fi mú iná òní. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ri òpó níwájú wa, aṣọ là ń sá lé e. Obìnrin yìí rí i, èmi sì gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Kí oníkálukú wá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe láti òní lọ.”

Mo retí pé wọn yóò kígbe. Gbogbo wọn ń wo bàtà. Akọ̀wé bá dìde, ó wá sí etí òsì mi, ó rọra sọ ọ́: gbogbo wọn ló ti ń tún fáànù ṣe láti oṣù àkọ́kọ́ tí iná dé. Fáànù, fíríìjì, ẹ̀rọ omi, nínú yàrá ẹ̀yìn, lẹ́yìn kọ́tìnì. Ẹnì kan tilẹ̀ ti ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe lábẹ́ ibùsùn ìyá ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ogún lára mọ́kànlélógún. Èmi nìkan ni mò ń dúró de òkùnkùn.

Mo bínú, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ní ta ni àwọn tó ń wá jókòó tì mí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí a jọ ń retí? Akọ̀wé bá mú ìwé kan jáde nínú àpò. Orúkọ gbogbo wọn wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí oníkálukú yóò jókòó. Mo wọ awò ojú, mo wo déètì òkè rẹ̀. Kì í ṣe ìgbà tí iná dé. Ọ̀sẹ̀ tí a sin ìyá rẹ ni. Ṣáájú kí iná tó dé, wọ́n á wá bí ẹni tó fẹ́ yá sípánà nọ́ńbà mẹ́rìnlá. Mo tiẹ̀ ti ń ṣe kàyéfì nígbà náà pé kí ló dé tí gbogbo òpópónà sọ sípánà mẹ́rìnlá nù. Nígbà tí iná wá dé, wọ́n fi òfin mi ṣe àwíjàre. Akọ̀wé ní wọ́n mọ̀ pé tí wọ́n bá sọ pé àwọn wá bá mi ṣọ̀fọ̀, màá lé wọn.

Ọwọ́ tó kọ ìwé náà, mo mọ̀ ọ́n. Ti Ọlọ́wọ́wẹ́rẹ́ ni. Orúkọ rẹ̀ wà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Láti ọjọ́ tí mo ti gba àpótí rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló ń rán wá ní ọjọ́ tirẹ̀, èmi sì ti ń bi ara mi pé kí ni onígbàjámọ̀ ń bá wa retí.

Mo bi Ọlọ́wọ́wẹ́rẹ́ pé kí ló dé tí òun nìkan kò fi kọ́tìnì bò ó bíi ti àwọn yòókù.

Ó ní, “Ọ̀gá, mo lè jókòó tì yín títí ayé. Mi ò lè purọ́ fún yín. Màmá ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀.”

Mo gbé àpótí fún un, ọwọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú mi. Àwọn tó ti ń wo bàtà tún gbájú mọ́ bàtà wọn.

A ti pa òfin náà rẹ́. Òun ló dábàá èyí tó rọ́pò rẹ̀: lóṣooṣù, ẹni méjì yóò rìn yí ìlú ká láti wo ohun tí àwọn ènìyàn ń rà, ohun tí wọ́n ń kọ́, ohun tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, wọn yóò wá sọ fún wa. Akọ̀wé ní tí a bá tún rí òpó, ká bèèrè kí a tó sá aṣọ.

Ọ̀rọ̀ tìrẹ. Èmi tó jókòó fún ọjọ́ tó lé ní àádọ́sàn-án, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá ọ wí? Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí tí mo rí. Mo rò pé iṣẹ́ ló ń kó àwọn ènìyàn jọ sọ́dọ̀ mi, pé tí ó bá lọ, wọn yóò lọ. Iṣẹ́ ti lọ tipẹ́, wọ́n ṣì ń wá. Ìyá Gígùn tó bẹ̀ ọ́ títí yẹn, o rò pé aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló ń rìn bá? Lọ kọ orúkọ rẹ. Tí wọ́n bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, bá wọn rẹ́rìn-ín, yóò tán ní ọjọ́ kejì. Tèmi tán ní ọjọ́ kejì.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò pé ọdún kan. Tíṣà òkè ní òun yóò bá mi lọ sí ibojì ìyá rẹ. Màá sọ fún un pé o kí i.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹnikẹ́ni ò wá jókòó tì mí, èmi ni mo ní kí wọ́n má wá mọ́. Gbogbo kọ́tìnì ti ṣí, fáànù wà níta láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Mo dá jókòó títí ọ̀sán fi pọ́n. Ó le, ṣùgbọ́n mi ò kú. Lẹ́yìn náà ni oníbúrẹ́dì gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi wá, ó ti jó. Mo sọ òtítọ́ fún un pé mi ò tíì mọ èyí, kó jẹ́ kí n gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo gbé e lé èjìká, mo rìn kọjá ilẹ̀kùn mẹ́rin.

Ọlọ́wọ́wẹ́rẹ́ wo ẹ̀rọ náà yíká. Ó fi aṣọ nu bẹ́ǹṣì kan, ó ní kí n jókòó, kí n tú u. Mo tú u. Mo ti tú u dé ìdajì nígbà tó gbá ọwọ́ mi pẹ́, ó ní mo ń kánjú, mi ò tíì sàmì sí ibi tí wáyà ti kúrò.

Mo ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá.”

Rẹ́rìn-ín tó bá wù ọ́. Òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Láti ìgbà náà mo ti wé kọ́ìlì fáànù mẹ́ta, méjì ń yí, ọ̀kan ń yí sẹ́yìn.

Jẹ́ kí n dáwọ́ dúró níbí, ọmọ mi. Aago mẹ́jọ ti fẹ́ lù, ọ̀gá mi kò sì fẹ́ràn kí ènìyàn pẹ́ dé.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.